Wọ́n gé kókó níkùn, kíndìnrín bá a lọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti Sábó dé Lágere ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp: ìyá kan tí ikùn rẹ̀ wú bí aboyún, àwọn dókítà gé kókó ńlá jáde, kíndìnrín kan sì bá a lọ. Wọ́n ní àwọn dókítà ti ta kíndìnrín náà.

Ṣé kì í ṣe ìju, èyí tí wọ́n ń pè ní fibroid?
Ilé-ọmọ ni ìju ti ń hù. Ara ọ̀rá, ẹran tàbí iṣan ni irú kókó tí à ń sọ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìfun. Ọkùnrin pàápàá ń ní in.

Ṣé jẹjẹrẹ ni?
Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń hù lẹ́yìn ìfun ni, àmọ́ wọn ò wọ́pọ̀. Òmíràn tún wà, desmoid, tí kì í ràn dé ibòmíràn nínú ara; nígbà mìíràn, dókítà kàn máa ń ṣọ́ ọ ni.

Báwo ló ṣe tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá náà kò fura?
Àyè pọ̀ lẹ́yìn ìfun. Kókó náà á máa ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í sábà dunni. Ìró tí kò káni mọ́ la máa ń dá lẹ́bi.

Kí ni kíndìnrín ṣe?
Inú ọ̀rá ni kíndìnrín jókòó sí, ọ̀rá yìí sì ni irú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní liposarcoma ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojú kò lè rí ibi tí kókó parí sí. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ní òun á bó o bí ẹni bó ọsàn, ohun tó ṣẹ́ kù lára kíndìnrín lè tún hù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé kókó àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìfun díẹ̀ nígbà mìíràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti yẹ kíndìnrín kejì wò kí wọ́n tó gbé abẹ. Bí ó bá dá ṣáṣá, ó tó iṣẹ́ ṣe. Èyí tí wọ́n yọ ń bá kókó lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ta ni yóò ra kíndìnrín tí jẹjẹrẹ ti dì mọ́?

Ṣé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú díẹ̀ lára kókó fún àyẹ̀wò kì í tú u ká?
Ewu rẹ̀ kéré gan-an. Àwòrán CT, èyí tó ń fi inú ara hàn, ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà. Abẹ́rẹ́ náà ló ń sọ irú tó jẹ́: GIST, irú kókó kan tó ń hù lára ikùn àti ìfun, ń gbọ́ oògùn oníhóró tó ń jẹ́ imatinib.

Ṣé àgbo lè yọ́ ọ?
Rárá.

Ó lè padà?
Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Kí ni kí n ṣe bí ikùn mi bá ń wú?
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n là á ní kílíníìkì kékeré láìya àwòrán. Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ló ṣeé ṣe jù kó gbé gbogbo kókó kúrò. Ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ OAUTHC ní Ifẹ̀, tàbí ẹ̀ka rẹ̀, Wesley Guild, ní Iléṣà. Ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò kókó náà dáadáa: bí ó bá tún hù lọ́dún mẹ́ta sí i, òun ni dókítà máa kọ́kọ́ bèèrè.