Bí yìnyín orí òkè ṣe ń yí ìwà padà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ìgbà ìrúwé

Ẹni méjì lè gba ọ̀nà òkè kan náà lọ́jọ́ kan náà ní ìgbà ìrúwé, kí ọ̀kan sọ pé yìnyín le bí àpáta, kí èkejì ní òun rì dé itan. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Aago tí oníkálukú débẹ̀ ni kò dọ́gba.

Lọ́sàn-án, oòrùn a máa yọ́ ojú yìnyín, omi rẹ̀ a sì wọ àárín àwọn hóró tó kù. Tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ojú ọ̀run sì mọ́ kedere, ooru ojú yìnyín a gbéra lọ sójú sánmà, omi àárín hóró a dì padà, a sì so wọ́n pọ̀ bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń so òkúta wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń le kokoko ní ìdájí. Ṣùgbọ́n tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, ńṣe ló dà bí aṣọ ìbora: ooru ò ráyè lọ, yìnyín ò sì ní dì dáadáa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á jí ní aago mẹ́rin, wọ́n á rò pé kíkùtùkùtù ti tó, wọn ò sì béèrè bí ojú ọ̀run ṣe rí lóru.

Yìnyín tó le ní wàhálà tirẹ̀. Ó ń yọ̀, ẹni tó bá sì yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè má dúró títí yóò fi kan òkúta. Ohun tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàtà wà fún nìyẹn.

Bí oòrùn ṣe ń ga, ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló máa ń kọ́kọ́ rọ̀. Ní ìhà àríwá ayé, ẹ̀gbẹ́ gúúsù ni oòrùn ń pa jù. Yìnyín tuntun máa ń dá nǹkan bí ìdá 80 sí 90 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Èyí tó ti gbó, tó rin, tó sì dọ̀tí ń gba púpọ̀ sí i mọ́ra, ó sì ń tètè yọ́. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní nǹkan bí dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti sábà máa ń ya lulẹ̀. Tí àwọn kúlúkúlú yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ fúnra wọn, tí ẹsẹ̀ sì ń rì kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó ti tó àkókò láti kúrò lábẹ́ irú ibẹ̀.

Ewu mìíràn kò ṣeé fojú rí. Àpáta dúdú àti ìdí igi máa ń gba ooru oòrùn mọ́ra, wọ́n á yọ́ yìnyín tó yí wọn ká, ihò á wà nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ á ṣì funfun. Odò tó ń ṣàn lábẹ́ yìnyín náà ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Etí ló ń gbọ́ ìró omi kí ojú tó rí ohunkóhun. Omi tó yọ́ lókè á sì gba wákàtí mélòó kan kó tó dé ìsàlẹ̀, torí náà odò tó mọ ní ọrùn ẹsẹ̀ láàárọ̀ lè dé orúnkún nígbà àbọ̀.

Ní ti otútù, nǹkan bí 6.5°C ni afẹ́fẹ́ fi ń tutù sí i fún mítà 1,000 téèyàn bá gùn, nítorí náà òjò ìsàlẹ̀ lè di yìnyín lókè. Ara tó tutù kò nílò kí omi dì kó tó wọ ewu: aṣọ rírin pẹ̀lú atẹ́gùn tó fún un. Aṣọ òwú ló burú jù níbẹ̀, ó ń fa omi, kì í sì í tètè gbẹ. Irun àgùntàn sàn jù.

Nísàlẹ̀, níbi tí yìnyín ti tán, ẹrẹ̀ ló kù. Àárín ọ̀nà ló yẹ kí ẹsẹ̀ gbà, torí ẹni tó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fẹ ọ̀nà lójú, ó sì ń tẹ ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù pa. Bàtà kúkú ti rin látàárọ̀.