Ohun tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń fi ṣúgà ṣe

Agbára nìkan kò tó sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì. Ó gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò fi kọ́ ìkejì: ọ̀rá fún awọ tó bò ó, purotéènì, àti DNA tuntun. Àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń bá jẹjẹrẹ wá èròjà wọ̀nyí, ara ṣúgà sì ni wọ́n ti ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bí glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù hexokinase ló ń kọ́kọ́ gbá a mú. Á so fọ́síféètì mọ́ ọn, glúkóòsì náà kò sì ní lè gba ibi tó bá wọlé jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ló ní ẹ́ńsáìmù yìí lápọ̀jù. Òun ni àyẹ̀wò PET gbójú lé: wọ́n á fa ṣúgà tó ní ìtànṣán sí aláìsàn lára, hexokinase á há a mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ibi tó bá pọ̀ sí á sì tàn yòò nínú àwòrán. (Ọpọlọ tó dá ṣáṣá náà máa ń tàn, torí ṣúgà lòun náà ń jẹ.)

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, Otto Warburg ní Jámánì rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń sọ ṣúgà di lactate (èròjà tó sábà máa ń jáde bí ṣúgà bá fọ́ láìlo ọ́síjìn) bí ọ́síjìn tilẹ̀ pọ̀. ATP (èròjà tó ń gbé agbára nínú sẹ́ẹ̀lì) 2 péré ni ọ̀nà yìí ń mú jáde lára glúkóòsì kan, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 30 ló ń wá bí mitochondria, ilé-iṣẹ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì, bá dá sí i. Warburg gbà pé mitochondria wọn ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, kò bàjẹ́ rárá.

Kí wá ni èrè ìfiṣòfò yìí? Ẹ wo PKM2, ẹ́ńsáìmù tó wà nípẹ̀kun ọ̀nà tí glúkóòsì ń gbà fọ́. Ó lè máa wọ́ ẹsẹ̀. Bó bá ti ń wọ́ ọ, èròjà tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ṣẹ́jọ bí ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọn á sì yà sí ọ̀nà mìíràn: àwọn kan á di ríbóòsì tí a fi ń ṣe DNA, àwọn kan á di serine (ọ̀kan lára èròjà tí a fi ń kọ́ purotéènì), àwọn kan á lọ sínú ọ̀rá.

Àtifi oògùn dá àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí dúró kò rọrùn, torí sẹ́ẹ̀lì tó yè kooro náà ń lo púpọ̀ nínú wọn. Ẹ́ńsáìmù IDH1 yàtọ̀. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ọpọlọ àti ti ẹ̀jẹ̀ kan, àbùdá rẹ̀ ti yí padà, ó wá ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ 2-hydroxyglutarate, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà di ohun tó yẹ kó dà. Ẹ́ńsáìmù tó ti yí padà yìí ni oògùn ivosidenib ń dojú kọ. Ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan.