Ojú ìwé tí ọmọ IT kì í kọ nǹkan sí

Bí àsìkò IT, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde lọ ṣe, bá ti tó, báńkì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ka Accountancy tàbí Business Administration máa ń kọ́kọ́ forí lé. Wọ́n á kó lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ sínú fáìlì, wọ́n á lọ aṣọ, wọ́n á máa ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Tí kò bá sí èyí tó gbà wọ́n, wọ́n á ní IT ti bàjẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá rí àyè ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Jagun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa káàánú rẹ̀. Àánú yẹn kò tọ́ rárá, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ló sì ti bá a lọ.

Ìpìlẹ̀ ètò náà kò gùn. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund, ITF, àjọ tó ń rí sí kíkọ́ ènìyàn níṣẹ́, sílẹ̀, Jos sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní 1973 ni ITF bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì lọ síbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ti ọmọ ND. Ẹni tó bá parí ND tó sì fẹ́ ṣe HND, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọdún kan níbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ti àwọn tó ń ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì bíi LAUTECH. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kàwé ní politẹ́kíníìkì Ọ̀fà, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ló máa ń padà wálé wá ṣe tiwọn, torí ilé ìyá ẹni kì í gba owó ilé.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ kì í sábà mọ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè, tàbí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọjà tó ń tà lọ́dún tó mílíọ̀nù 50 náírà, òfin ní kó máa san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF. Nítorí náà, ọmọ tó gbé lẹ́tà IT dé ẹnu ọ̀nà kò wá tọrọ jẹ. Kó gbé orí rẹ̀ sókè.

Ìdí logbook, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ IT, gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ IT kọ ohun tó ṣe. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á kà á, á sọ tẹnu rẹ̀, á sì buwọ́ lù ú. Olùkọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ náà á wá wò ó. Inú rẹ̀ sì ni ọmọ ti máa fa ìròyìn tó máa dúró gbèjà níwájú àwọn olùkọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan tún wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwòrán. Àwọn ọmọ ẹ̀rọ ń ya jẹnẹrétọ̀ àti wáyà síbẹ̀. Àwọn ọmọ Accountancy kì í kọ nǹkan sí i. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Kí la fẹ́ yà níbẹ̀? Ṣé ká ya bírò ni?"

Ojú ìwé yẹn ló dára jù nínú ìwé náà fún ẹni tó ń kọ́ òwò.

Ká mú ọmọbìnrin kan tí báńkì ò gbà, tó wá ń ṣe IT lọ́dọ̀ Alhaja kan tó ń ta ohun jíjẹ ní páálí páálí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kíkà ni wọ́n ní kó máa ka ọjà. Ó kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Mọ́ńdè pé, "Mo ka páálí." Túsìdè, "Mo ka páálí." Tó bá ń bá a lọ báyìí, oṣù mẹ́rin á kọjá lásán. Ṣùgbọ́n ká ní ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Á ya lọ́rí tó kó ọjà dé láti Ìbàdàn, á ya sítọ́ọ̀ tí wọ́n kó o sí, á ya káúńtà Alhaja, á wá ya àwọn alátùntà tó ń ti Ìrẹsà wá rajà. Á fa ọfà kan tó ń tọ́ka ibi tí ọjà ń gbà lọ, á fa òmíràn fún owó, nítorí ẹ̀yìn ni owó ń rìn bọ̀ sí nígbà tí ọjà ń lọ síwájú. Á wá fa ìkẹta fún ìwé: wéébìlì tó bá lọ́rí wá, ìwé ìtajà, rísíìtì, ìwé àwìn.

Ibi tí ọfà ìwé kò bá ti tẹ̀ lé ọfà ọjà ni wàhálà ń gbé. Ní Tọ́sìdè, ìwé ní páálí Indomie 48 ló yẹ kó wà nílẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, 46 ló bá. Kò sí ẹni tó jalè. Oníbàárà àtijọ́ kan ló dé nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ọmọ tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ gbé páálí méjì fún un láwìn, ó ní tó bá di àárọ̀ òun á kọ ọ́. Alhaja mọ̀ sí i. "Ìyá Rídíwáànù ló gbé e, ó wà lórí mi." Orí Alhaja náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ìwé tí ẹlòmíràn ò lè ṣí wò.

Ní kíláàsì, ọmọ yìí ti kọ́ ọ sórí pé ẹni tó ń kó ọjà jáde kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba owó. Ó ti fi yege ìdánwò. Ọjọ́ tí páálí méjì sọnù lójú rẹ̀ ló tó mọ ìdí rẹ̀. Ní báńkì, ó lè jẹ́ fọ́ọ̀mù ni yóò máa pín fún oníbàárà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, torí iṣẹ́ ibẹ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ọ̀dọ̀ kan ò rí ohun tí ọ̀dọ̀ kejì ń ṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù, láti ẹ̀yìn lọ́rí títí dé àpò owó, ohun gbogbo wà níbi tí ojú ti lè tó o.

Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ télọ̀. Ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbá, àwọn ará ilé á sì ní wọ́n ń fi ìyà jẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n àjákù aṣọ ló ń gbá. Bí ojú rẹ̀ bá là, á rí i pé ibi ọrùn ni èyí tó rí róbótó ti jáde, pé abẹ́ apá ni wọ́n ti gé èyí tó tẹ̀ bí ọ̀bẹ. Á rí i pé ọjọ́ tí ọ̀gá bá gé àǹkárá tó ní àwòrán ńláńlá, àjákù máa ń pọ̀ ju ti ọjọ́ mìíràn lọ, torí àwòrán gbọ́dọ̀ bára mu léjìká. Kó tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí, ó ti mọ ìdí tí ọ̀gá fi ń sọ fún oníbàárà pé kó fi ọ̀pá kan kún aṣọ tó rà. Ìṣirò owó iṣẹ́ ló ń gbá sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí yẹn.

Télọ̀ kò nílò logbook, torí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọ iṣẹ́ títí ọjọ́ tí ọmọ yóò gba òmìnira. Ilé ẹ̀kọ́ jìnnà ní tirẹ̀. Ìgbà kan tàbí ìgbà méjì ni olùkọ́ máa ń wá. Ìwé yẹn ni ojú tó fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ọgbọ́n ńlá sì ni ẹni tó rò ó gbọ́n.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ ṣe nìkan ló ń béèrè, kì í béèrè ohun tó rú u lójú. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti da ti ẹni tó ṣáájú kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, pẹ̀lú oríṣi bírò mẹ́ta kó lè dà bí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ó máa ń hàn ṣá. Ìwé tí wọ́n dà kọ kì í ní iye kan pàtó nínú, kì í sì ní ọjọ́ tí ọjà ò tà. Tí wọ́n bá fi ìlà kan ṣoṣo kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kọ ohun kan tí kò yé e, àdàkọ á dínkù gan-an.

Ìbuwọ́lù ọ̀sẹ̀ náà ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń mú un lọ. Ọ̀gá tó bá kàn fọwọ́ sí i láìwò ó ti fi nǹkan du ara rẹ̀. Alhaja tó bá ní, "Ọmọ IT, ka ohun tí o kọ nípa ṣọ́ọ̀bù mi sí mi létí," á gbọ́ ọ pé, "Wọ́n gbé páálí méjì jáde láwìn mà, kò sí ìwé kankan tó bá a lọ." Ó lè dákẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di Mọ́ńdè, ẹ lè rí ìwé kékeré kan tó so kọ́ sára ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, pẹ̀lú bírò tí wọ́n fi okùn dè mọ́ ọn.