Inú Ọ̀pá Ìbọn Ọdẹ: Ohun Tí Ń Bà Á Jẹ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pá ìbọn oníkátíríìjì tí àwọn ọdẹ ń gbé wọ igbó láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìjùmú dé Bùnú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kì í ṣe páìpù lásán. Ẹni tí ó bá ṣẹ́ ìbọn láàárín láti ṣí ìdí rẹ̀, tí ó yọ kátíríìjì (èèpo tí ẹ̀tù àti ọta wà nínú rẹ̀) kúrò, tí ó sì gba ìdí rẹ̀ wo ojú ọ̀run, yóò rí i pé ihò rẹ̀ kò dọ́gba. Ìdí fẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni kátíríìjì ń wọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ó fún wọ ihò gbọọrọ tí ọta ń gbà kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ìbọn, bí ó bá ti ku díẹ̀ kó dé ẹnu, ihò náà tún fún lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fífún yẹn kò tó nǹkan lójú. Èyí tí ó fún jù kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Òun ló ń kó ọta wẹ́wẹ́ jọ. Bí ẹnu bá fún dáadáa, nǹkan bí 70 nínú ọta 100 yóò bọ́ sínú òbìrí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76, ní ibi tó jìnnà tó mítà 36. Bí kò bá fún rárá, nǹkan bí 40 péré ni. Ẹni tí ó bá fi ayùn gé ẹnu ìbọn rẹ̀ ti gé ohun tí ó fi jẹ́ ìbọn ọdẹ dànù. Ọyà á fara gba ọta méjì-mẹ́ta, á sá wọ koríko, á lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Nọ́ńbà ìbọn, bíi 12 tàbí 20, ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá pín òjé tó wúwo tó gíráàmù 454 sí bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ìbú bọ́ọ̀lù kan ni ìbú ihò ìbọn 12, nǹkan bíi mìlímítà 18.5. Nítorí náà 20 kéré sí 12. Bí kátíríìjì 20 bá ṣèèṣì wọ ìbọn 12, kò ní dúró ní ìdí. Á yọ̀ wọlé, á há sí iwájú díẹ̀, ní agbègbè tí ọwọ́ òsì máa ń di ìbọn mú. Ọdẹ á wò ó, á rò pé òfìfo ni, á ki 12 sẹ́yìn rẹ̀, á yìn ín. Ọ̀pá á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe kátíríìjì fi sọ èèpo 20 di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ sínú àpò kan láéláé.

Agbára tó wà nínú ọ̀pá nígbà tí ìbọn bá dún lè ju ìlọ́po 300 afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò. Ìdí ọ̀pá ló ti le jù, ibẹ̀ ni irin sì ti nípọn jù. Níwájú, irin fẹ́lẹ́. Bí ohunkóhun bá dí ibi fẹ́lẹ́ yẹn, ọta á kọlù ú, irin á wú tàbí kó ya. Kò dìgbà tí ó bá jẹ́ òkúta. Amọ̀ tó wọ ẹnu ìbọn nígbà tí ọdẹ ń fo odò tó, àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀ náà tó. Agbọ́n tí ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn ihò bẹ́ẹ̀ púpọ̀, pàápàá bí ìbọn bá ti pẹ́ ní ìgun ahéré. Wíwo inú ọ̀pá kí kátíríìjì tó wọlé kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Ní ti ìpẹtà, ṣakabùlà ló nílò ìtọ́jú jù. Eérú ẹ̀tù dúdú ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí ó bá sì sùn mọ́jú nígbà òjò, irin á ti pọ́n. Epo nìkan kò lè yọ ọ́, torí pé iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Omi ló ń yọ́ iyọ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, kí wọ́n fi àkísà gbẹ ẹ́ pátápátá, kí wọ́n tó fi epo pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Ti oníkátíríìjì rọrùn: búrọ́ọ̀ṣì láti ìdí lọ sí ẹnu, àkísà gbígbẹ, lẹ́yìn náà epo díẹ̀. Epo tó pọ̀ jù burú; kí wọ́n tó yin ìbọn, wọ́n gbọ́dọ̀ nù ún kúrò.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ tún gbà á wò. Bí òjìji bí òrùka bá wà nínú ihò, irin ti wú níbẹ̀. Ìbọn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dún mọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àdúgbò: òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn máa tún ìbọn oníkátíríìjì ṣe níbi tó bá wù ú.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìbọn pamọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ dojú ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀ fún òru kan, kí epo tó ṣẹ́kù lè sàn jáde lẹ́nu dípò kó rin igi ìdí rẹ̀ gbindin.