Bí Fẹ́rítìn Ṣe Ń Tọ́jú Irin Nínú Ara

Géètì irin tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí ní Nyanya kì í pẹ́ dógùn-ún bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló jọ ń sọ irin di ìpáàrà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ nínú ara ènìyàn, àmọ́ kí irin lè wà nípamọ́ ni tibẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀.

Irin inú ara àgbàlagbà tó gíráàmù 3 sí 4. Inú ẹ̀jẹ̀ pupa ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Púpọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù ni sẹ́ẹ̀lì ń kó pamọ́, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀, ìdí sì nìyẹn tí irin fi pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ màlúù tí alápatà ń gé tà ní ọjà Wuse. Irin tó bá ń rìn kiri láìní olùdè léwu: bó bá pàdé hydrogen peroxide, kẹ́míkà kan tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń ṣe, ohun tí wọ́n jọ ń bí máa ń ba ọ̀rá, pùrótéènì àti DNA (ohun tó ń gbé àbùdá) jẹ́.

Pùrótéènì tí ń dè é mọ́lẹ̀ ni fẹ́rítìn. Ẹyọ 24 ló so kọ́ra di ohun róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo, bí igbá méjì tí a dé mọ́ra. Ìbú rẹ̀ jẹ́ nanomítà 12 (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà kan), àyè inú rẹ̀ sì jẹ́ 8. Ihò tóóró ni irin ń gbà wọlé. Ògiri ihò náà ní ṣáàjì (agbára iná) òdì, irin sì ní ìdàkejì rẹ̀, nítorí náà ṣe ni wọ́n ń fa ara wọn.

Oríṣi ẹyọ méjì ló wà, H àti L. Ara H ni iṣẹ́ gan-an ti ń ṣẹlẹ̀: ó ní ìjókòó kan tí àtọ́ọ̀mù irin méjì máa ń jókòó tì ara wọn lé lórí, tí ọ́síjìn yóò sì bọ́ sí àárín wọn, tí yóò gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún tíńtín inú àtọ́ọ̀mù tó ní ṣáàjì òdì) kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, tí irin méjèèjì yóò fi kúrò ní Fe²⁺ (irin tó ti sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nù) di Fe³⁺ (èyí tó ti sọ mẹ́ta nù). Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé hydrogen peroxide tí à ń sá fún náà ló ń jáde lára iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n fẹ́rítìn tún lè fi í sọ irin mìíràn di Fe³⁺, kí hydrogen peroxide náà sì di omi. Lẹ́yìn èyí, irin á sún wọ inú lọ, ara L á sì ràn án lọ́wọ́ láti dì pọ̀ di hóró. Hóró yìí jẹ́ ìbátan ilẹ̀ pupa tí ń kun bàtà èèyàn láwọn ọ̀nà Abuja tí kò lọ́dà, nítorí irin tó ti bá ọ́síjìn pàdé ló wà nínú méjèèjì. Fẹ́rítìn kan ṣoṣo lè gba àtọ́ọ̀mù irin tó 4,500.

Bí sẹ́ẹ̀lì bá nílò irin, pùrótéènì kan tó ń jẹ́ NCOA4 ni yóò wá gbé fẹ́rítìn lọ síbi tí wọ́n ti ń tú u palẹ̀. Díẹ̀ nínú fẹ́rítìn máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, òun sì ni ilé àyẹ̀wò ń wọ̀n láti mọ iye irin tó wà nípamọ́. Àmọ́ ibà àti àkóràn máa ń gbé iye náà sókè, tí ẹni tí irin rẹ̀ ti tán yóò fi dà bí ẹni tó ní.