Nígbà tí orin bá mú ọ sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará ìjọ sábà máa ń fa olórí akọrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bi, pàápàá lẹ́yìn ìsọ́ òru: “Ẹ̀gbọ́n, omijé tó bọ́ lójú mi nígbà tí ẹ ń kọrin yẹn, ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ni àbí ìlù?” Èmi tí mò ń darí akọrin ní Àkúrẹ́ níbí, n kì í fi ìbéèrè yìí ṣeré.

Ara ni orin kọ́kọ́ máa ń bá sọ̀rọ̀. Bí ìjọ bá jùmọ̀ ń kọ orin tó rọra ń lọ, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń mí sínú, èémí tí wọ́n ń mí síta á sì pẹ́ ju èyí tí wọ́n fà sínú lọ; ìyẹn máa ń mú kí àyà tó ń já rọlẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Montreal ní Kánádà ṣàlàyé pé bí orin tí èèyàn fẹ́ràn bá dé góńgó, ọpọlọ á tú èròjà dopamine, èyí tó máa ń mú kí inú èèyàn dùn, jáde, àti pé kí orin tó débẹ̀ gan-an, bí a ṣe ń retí rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń wú nígbà tí a bá dá gángan àti kíbọ́ọ̀dù dúró, tí ohùn nìkan kù, tí ìlù sì tún ya wọlé. Gbogbo àwa tó ń lé orin la mọ̀ ọ́n lò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́run ló dá ara.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Sọ́ọ̀lù. Nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 16, Dáfídì ta dùùrù, ara tu ọba, ẹ̀mí búburú sì fi í sílẹ̀. Ẹ ṣí i dé orí 18: Dáfídì ń ta dùùrù lọ́wọ́ nígbà tí Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ sí i. Orin tù ú lára, kò yí i padà. Ó wù mí kí gbogbo akọrin máa ka ibẹ̀ léraléra. Ti Èlíṣà yàtọ̀: nínú Àwọn Ọba Kejì orí 3, ó ní kí wọ́n mú akọrin wá, bí ìyẹn sì ti ń ta ohun èlò rẹ̀, ọwọ́ Olúwa bà lé wòlíì, ọ̀rọ̀ sì jáde. Nítorí náà, omijé nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí o yẹ̀ wò: ṣé o rántí ohun tí orin náà wí? Ṣé o lọ bá ẹni tí ẹ jọ ń jà?

Ọ̀rọ̀ inú orin ló jẹ mí lógún jù. Orin ìbílẹ̀ máa ń wọ àwọn àgbàlagbà wa lára ju orin tí a fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ lọ, torí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹnu wa ṣe ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń yé wọn. Ọ̀nà yìí ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti tọ̀, ẹni tí wọ́n gba orin ìsìn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀n ní 1922. Nígbà tí a bá ń dánra wò, mo máa ń ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ orin sókè kí a tó tẹ kíbọ́ọ̀dù rárá. Ẹni tí kò lè sọ ohun tí ẹsẹ kejì ń wí, kò tíì yẹ kó lé e.

Bí orin bá sì ti mú ìjọ dé ibi tí omi ti ń bọ́ lójú, mo bẹ ẹ̀yin tó ń darí ìsìn, ẹ má fi àkókò yẹn gba owó. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ ka Bíbélì, tàbí kí ẹ jẹ́ kí kálukú gbàdúrà. A lè gba ọrẹ lẹ́yìn ìkéde.