Páwà sọ́pláì turntable

Páwà sọ́pláì turntable (ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin) ni apá tó ń gba iná NẸ́PÀ wọlé, tó ń sọ ọ́ di irú iná tí mọ́tò tó ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù lè lò. Tó bá ti ń ṣe ségesège, eré àwo ò ní dúró sójú kan.

Mọ́tò AC

Eré mọ́tò AC (èyí tó ń lo iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti NẸ́PÀ) tó wà nínú ọ̀pọ̀ turntable àtijọ́, Hz iná (iye ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe fólítì. Iná Nàìjíríà jẹ́ 230V, 50Hz, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60Hz. Torí náà téèyàn bá gbé tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà dé Ifẹ̀, tó wá fi stẹpú-dáwùn (ẹ̀rọ tó ń dín 230V kù sí 120V) gbé iná sí i, mọ́tò ò ní jóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwo tó yẹ kó yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan á máa yí bíi 27.8, ohùn olórin á ki, ìlù á máa wọ́. Stẹpú-dáwùn ò lè yí Hz padà. Púlè 50Hz (kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí mọ́tò) ló ń yanjú ẹ̀, tàbí páwà sọ́pláì tó ń ṣe 60Hz tiẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ò ṣeé gbára lé, torí tí fíríìjì bá ṣáná báyìí, Hz ẹ̀ á já wálẹ̀, orin náà á sì tẹ̀ lé e.

Mọ́tò DC

Mọ́tò DC ń lo iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì; 12V ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ohun téèyàn lè tò nílé ni trańsífọ́mà (tó ń dín fólítì kù), daódù mẹ́rin (tó ń sọ AC di DC), kàpásítọ̀ 2200µF (tó ń mú iná náà tẹ́jú) àti 7812 (ṣíìpù tó ń mú fólítì dúró sórí 12V). Níbi tí iná ti pé, trańsífọ́mà 12V lè tó, torí á fún kàpásítọ̀ ní bíi 15.5V, 7812 sì ń fẹ́ bíi 14V ó kéré tán. Ṣùgbọ́n tí hááfù kọ́rẹ́ǹtì bá dé, tí iná Lágeré n'Ífẹ̀ wálẹ̀ sí 180V, bíi 12V ló máa kù lórí kàpásítọ̀, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Trańsífọ́mà 15V ló bá ibí mu jù, àmọ́ 7812 á gbóná sí i tí iná bá padà pé, hiti-síǹkì (irin tó ń fa ooru kúrò) gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀.

Wíwá ibi tó bàjẹ́

Kí wọ́n kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì tó so mọ́tò mọ́ ibi tí àwo ń yí lé, torí èyí tó ti dẹ̀ máa ń jọ àìsàn iná. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi mítà wọn fólítì nígbà tí mọ́tò ń yí. Kàpásítọ̀ tí orí ẹ̀ ti wú, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Tí turntable bá ń kùn, tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n yọ ọ́ lára iná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ trańsífọ́mà ló sún mọ́ abẹ́rẹ́ jù, kí wọ́n gbé e sínú àpótí tiẹ̀ lọ́tọ̀.